Ìṣirò Ooru

Ní Hokkaido, lẹ́yìn òkè tí òjò dídì sin dé ọrùn,
Shigeno Kuwabara ń bá àwọn tí kò tíì lójú ka ọjọ́.
Ẹyin ẹja sámọ́nì ni. Ẹyin tó jọ ẹyín iná,
tó pọ́n roro, síbẹ̀ tí kò jó ọwọ́ ẹni.
Omi ìsun ń gba orí wọn kọjá nínú òkùnkùn,
jẹ́jẹ́, bí ẹni ń yọ́ kọjá lára ọmọ tó ń sùn.

Ó ki tẹmómítà bọmi. Mẹ́jọ.
Ó kọ ọ́ sínú ìwé tí etí rẹ̀ ti ká.
Lọ́la, mẹ́jọ. Ó rò ó mọ́ tàná: mẹ́rìndínlógún.
Bí o bá bi í pé, "Ọjọ́ wo ni wọ́n máa pa?"
á ní, "Ṣé ẹja mọ Ọjọ́rú ni? Ooru ni kí o bi mí.
Tó bá tó nǹkan bí òjìlélúgba, ojú á yọ, dúdú kín-ín-kín, méjì méjì.
Tó bá sún mọ́ ọ̀rìnlénírinwó, èèpo á ya.
Omi mẹ́jọ, ọgọ́ta ọjọ́.
Omi mẹ́fà, ọgọ́rin.
Òtútù kì í jẹ gbèsè kó má san;
díẹ̀díẹ̀ ló ń san án."

Ryohei, ọmọ iṣẹ́ tuntun, ń wo ọ̀nà ọdún.
Ìyàwó rẹ̀ wà ní Sendai. Ó ní, "Màmá,
ẹ jẹ́ ká tan bọ́ílà, ká gbé omi dé méjìlá,
ogójì ọjọ́ péré, kí kálukú wá ilé rẹ̀ lọ."

Ìyá náà ò dáhùn. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ìka kọ̀ọ̀kan.
Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ ọdún tí páìpù ìsun bẹ́,
tí wọ́n fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ dí àlàfo.
Ẹyin pa kíákíá lóòótọ́. Òmíràn ká lẹ́yìn bí ìwọ̀.
Àwọn tí ara wọn tọ́ sáré dé odò ní oṣù kejì,
wọ́n bá ilé tí ẹnikẹ́ni ò tíì dáná:
kòkòrò ò sí, yìnyín nìkan ló dákẹ́ lórí wọn.
"Mo jókòó sí bèbè. Mi ò lè pe ìgbà ìrúwé kó tètè dé."

Ryohei ò dárúkọ bọ́ílà mọ́.
Nígbà tí ìjì fa omi wálẹ̀ di méje, òun ló kọ ọ́ sínú ìwé.
Lóru, ìyàwó rẹ̀ pè: "Ó ku mélòó kí o tó dé?"
Ó ṣí ìwé, ó rò ó. "Mọ́kànlélógún."
"Ọjọ́ mọ́kànlélógún!"
"Rárá o. Ooru ni."
Obìnrin náà dákẹ́ díẹ̀,
ó ní kó lọ dé fìlà.