Ìṣẹ́jú Mẹ́sàn-án ní Lugbe

Àpótí kan wà lókè ọ̀run, kò ju páálí bàtà ọmọdé lọ,
àwa tí a kàn án pọ̀ la sọ ọ́ ní Tanátaná.
Lóru, ó máa ń gba orí Abuja kọjá,
ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án péré ló ń fún wa, bí inú rẹ̀ bá dùn,
lẹ́yìn náà, ó di ti àwọn ará Agadez.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún rèé tí kò dá wa lóhùn.

Ọ̀yẹ́ mú. Eruku aṣálẹ̀ jókòó sórí àwo àǹtẹ́nà
bí àlejò tí kò bèèrè ibi tí wọ́n ń sùn.
Habsatu fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú kọ̀ǹpútà,
ó ní, "Ó ti kú. Ẹ jẹ́ ká kọ̀wé sí ọ̀gá."
Shekwolo kò fèsì.
Ọmọ Gbagyi ni; bàbá rẹ̀ gbin iṣu
síbi tí a dúró sí wo ọ̀run yìí, kí ìjọba tó dé.
Ó ń tú ìdè kan tó ti dógùn-ún.
Wọ́n ti mú iná lọ láti ìrọ̀lẹ́,
bátìrì mẹ́rin ló ń gbé wa ró.

Èmi, ìṣirò ni wọ́n gbà mí fún.
Mo tún ọ̀nà rẹ̀ tò láti ìbẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀yìn ìwé owó iná:
òòfà ilẹ̀, ìyípo ayé, ìwọ̀n ara rẹ̀.
Bó bá rẹ̀ mí tán, èdè ìwé a bọ́ lẹ́nu mi,
n óò máa kà bí ìyá mi ti ń ka búlọ́ọ̀kù ní Ọ̀fà:
ẹẹ́tàlá, ẹẹ́rìnlá,
aárùn-úndínlógún —

Ọwọ́ mi dúró.
Ogún kò tíì dé, a ti ń pè é.
Ó ku márùn-ún kó yọ, ẹnu wa ti pàdé rẹ̀ lọ́nà.
Ta ló wá sọ fún mi
pé ẹni tí a ń retí, ẹ̀yìn ló wà?

Oòrùn bì lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn.
Afẹ́fẹ́ òkè gba ooru, ó wú bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì,
ó di Tanátaná láṣọ mú, ó ń fà á.
Ẹ wá gbọ́ ohun tí kò yé mi tán títí dòní,
bí mo tilẹ̀ lè kọ ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀ lójú oorun:
lókè yẹn, ẹni tí wọ́n ń fà sẹ́yìn ló ń yára.
Ó sún sísàlẹ̀ díẹ̀, òpópó rẹ̀ kúrú, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá.
Gbogbo alẹ́ wọ̀nyẹn, ó ti ń kí wa kọjá,
àwa ń kanrí mọ́ ibi tó ti kúrò.

Ìṣẹ́jú àáyá márùndínláàádọ́ta ni mo bá nísàlẹ̀ ìwé.
Habsatu ní, "Ká rò ó mọ́ ọn ni, àbí ká yọ ọ́?"
"Yọ ọ́."

Kò síná tí yóò yí àwo, ọwọ́ ni Shekwolo fi yí i,
ó kọjú rẹ̀ sọ́nà Lokoja, ó ń mí bí ẹni gbọ́nkàngà.
Ajá kan gbó.
Ìlà tẹ́ lójú kọ̀ǹpútà bí odò ẹ̀ẹ̀rùn.
Ó tẹ́.
Ó tẹ́,
ó ta kókó kan.

"Yana nan!" Habsatu kígbe, kùlíkúlí fọ́n ká ilẹ̀.
Ohun àkọ́kọ́ tó sọ ni bí ara rẹ̀ ti gbóná tó.

Mi ò tíì sọ fún wọn pé eré tó ń sá yìí, ìṣubú ni,
pé bó bá fi máa di ọ̀yẹ́ mìíràn, yóò ti jóná sójú afẹ́fẹ́.
Ìwé wà lápò mi. Ó di ọ̀la.
A ti lo mẹ́rin nínú mẹ́sàn-án.
Shekwolo ń pariwo látìta nínú eruku:
"Ṣé kí n máa yí i lọ?"

Máa yí i.