Aṣọ Ni Mo Sá

Wọ́n ti lẹ́tà bọ abẹ́ géètì mi láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀,
òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ onílé pupa fòò nídìí rẹ̀:
ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sá aṣọ mọ́
síbi tí ojú ẹni tó ń kọjá lè tó o.
Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni ìtanràn.
Wọ́n ní àlejò kan wá ra ilẹ̀,
ó rí yẹ̀rì lórí okùn, ó yí mọ́tò padà.

Yẹ̀rì ta ni? Yẹ̀rì mi ni.

Oko gbágùúdá ni ibí nígbà tí mo rà á.
Owó ìfẹ̀yìntì ni mo fi kọ́ ọ, búlọ́ọ̀kù lórí búlọ́ọ̀kù.
Mo gbé ìwé ilẹ̀ jáde lálẹ́, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i,
n kò rí ibi tí wọ́n ti yọ oòrùn
kúrò nínú ohun tí mo sanwó fún.

Akọ̀wé ẹgbẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Ládàpọ̀,
ní kí n ra ẹ̀rọ tí í mú aṣọ gbẹ.
Iná wo ni yóò jẹ?
Èyí tó dé lálẹ́ Àìkú, tó lọ kí n tó rí ìdí ìkòkò?
Ó ní kí n sá a sínú yàrá, nígbà náà.
Ìlédìí tí kò bá róòrùn,
ara Àyọ̀ká ni yóò sú, kì í ṣe ara akọ̀wé.

Ní Òṣogbo! Nínú ìlú aró!
Aláró ni ìyá mi, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun,
aró kò kúrò ní èékánná rẹ̀ títí a fi gbé e wọlẹ̀.
Okùn rẹ̀ gùn láti ìdí àgbálùmọ̀ dé ògiri mọ́ṣáláṣí;
ẹni tó ń kọjá a bẹ̀rẹ̀, a gba abẹ́ aṣọ,
omi aró a kán sí i léjìká,
a ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ọjọ́ kẹta, atẹ́gùn òjò jà.
Ṣòkòtò pénpé kan fò wá láti ẹ̀yìnkùlé akọ̀wé,
ó balẹ̀ sáàrin ata mi,
rọ́bà rẹ̀ ti dẹ̀.
Àṣé òun náà lókùn,
láàrin ògiri àti táńkì omi.

Mo tún un fọ̀. Iwájú ilé ni mo sá a sí,
láàrin yẹ̀rì mi àti ìlédìí ọmọ.
Nígbà tó kan géètì,
mo rò pé ìtanràn ló wá gbà.
Ó wo okùn. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.
"Kò tíì gbẹ," mo ní, "ẹ padà wá nírọ̀lẹ́.
Aṣọ ni mo sá, Ọ̀gbẹ́ni Ládàpọ̀.
N kò sá fún yín."