Agogo Méjì

Aago ọwọ́ ni mo mú wọ ilé ọṣẹ
ní òpópónà Ìjọ̀kà, ní Àkúrẹ́,
níbi tí èéfín èèpo kòkó ti ń yọ
bí ẹni pé òrùlé ń mu tábà.
Mo mú ìwé. Mo mú bírò méjì, búlúù àti pupa.
Mo ní iṣẹ́ ìwádìí ni mo bá wá:
ọṣẹ mélòó ní wákàtí kan,
ọwọ́ mélòó lórí ọṣẹ kan,
kí ló dé tí òógùn fi pọ̀ tí èrè fi kéré.

Adéùyì, ọ̀gá wọn, gbé àga fún mi lẹ́bàá ìlẹ̀kùn.
Ó ní, "Jókòó, kọ ohun tí o bá rí.
Báńkì ní àfi kí n mú ọjà tuntun jáde kí wọ́n tó yá mi lówó,
bẹ́ẹ̀ èyí tó wà nílẹ̀ gan-an, a ò rí i ṣe tó."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà.
Fádérera ń sẹ́ omi eérú, kán tó, kán tó.
Olúwátuyì ń ro ọṣẹ bí ẹni ń ro ọkà fún ogún àlejò.
Ìyá Akíntọ́mìdé ń gé e, ó ń wé e sínú ọ̀rá.
Búlúù fún iṣẹ́, pupa fún òfò.
Mẹ́tàlélógójì ní wákàtí òwúrọ̀,
mọ́kàndínlógójì lẹ́yìn oúnjẹ.
Olúwátuyì, ìṣẹ́jú mẹ́rin: ó kàn dúró, ó ń wo ìkòkò.
Pupa.
Ọjọ́ kìn-ín-ní, ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta,
bí agogo méjì bá ti lù,
Ìyá Akíntọ́mìdé á gbé ọ̀bẹ sílẹ̀,
á kó èérún ọṣẹ sínú abọ́ tánńganran,
á gba ẹ̀yìnkùlé lọ.
Ìṣẹ́jú mọ́kànlá.
Pupa, pupa, pupa.

Mo ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀,
ìṣẹ́jú mẹ́rìndínláàádọ́rin,
ọṣẹ bí ogójì ó lé tí kò rí ayé wá.
Àgbẹ̀ tó mú olè nínú ebè iṣu
kò yọ̀ tó mi lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo tẹ̀ lé e.
Ó jókòó sórí bíríkì,
ó ń po èérún ọṣẹ mọ́ òrí,
ó fún oje ewé kan sí i, ewé tí n ò mọ orúkọ rẹ̀
(mo béèrè, ó ní, "Kò sí nínú ìwé rẹ yẹn ni?").
Orí Tìmẹ́hìn, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló ń fọ̀,
ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-ìwé dé, báàgì ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.
"Lóṣù tó kọjá, làpálàpá ti jẹ orí yìí bí ikán ṣe ń jẹ òpó.
Wò ó báyìí."
Mo wò ó. Irun tuntun ń hù, ó rọ̀ bí òwú.
"Ìyá ọmọ méje ládùúgbò ló ti ń bẹ̀ mí fún un.
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìṣirò,
ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ."

Ọ̀rọ̀ wá di èyí tí n ò lè gbé mì.
Bí n kò bá kọ ọ́, báńkì ò ní yá Adéùyì lówó.
Bí mo bá kọ ọ́, lọ́la, ti Adéùyì ni.
Ọmọ náà ń wò mí, ìfófòó ọṣẹ ń ṣàn sójú rẹ̀.
Mo ní, "Ìyá, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ,
kí orúkọ yín lè bá a wọlé."
Ó rẹ́rìn-ín títí abọ́ fi mì lẹ́sẹ̀ rẹ̀.
Ó ní, "Agogo Méjì."

Mo fi búlúù kọ ọ́: orúkọ ọjà, orúkọ ẹni tó ṣe é.
Ilẹ̀ ti ń ṣú. Wọ́n ti ń pa iná ìdáná.
Mo ṣí ìwé padà sójú ewé àkọ́kọ́,
mo ń fi ìka tọ gbogbo pupa inú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Olúwátuyì, ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó ń wo ìkòkò.
Kí ló ń wò?