Iṣẹ́ Òru ní Saskatoon

Wọ́n ká ọjọ́ méjìlá sínú ìṣẹ́jú kan
lórí tẹlifíṣàn ilé àwọn arúgbó:
ọ̀mùnú ẹ̀wà ń na ọrùn káàkiri
bí afọ́jú tó ń wá ilẹ̀kùn.

Mo rẹ́rìn-ín. Ta ni wọ́n ń sọ ọ́ fún?
Èmi tí mo fọwọ́ kan patanmọ́
lẹ́yìnkùlé wa ní Ifẹ́tẹ̀dó,
tí mo ní, “Pa itan mọ́, ọkọ ẹ ń bọ̀,”
tó sì gbọ́.

Yìnyín ń bọ́ lóde.
Wasyl, àgbẹ̀ àlìkámà, kò mira láti ìgbà ìkórè;
bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.

Àmọ́ lálẹ́ àná, àyà ni ọwọ́ rẹ̀ wà.
Ilẹ̀ ń mọ́ báyìí,
ìka kan ti dé etí búláńkẹ́ẹ̀tì,
ó kọjú sí fèrèsé.