Agolo Mẹ́tàdínlógún

Òjò ọjọ́ mẹ́ta ló jò wọ àjà ilé Hortensia
ní Valparaíso, níbi tí ilé ti ń gun èjìká ilé.
Wọ́n ní kí n wá wo páànù.
Mo gun àkàbà, mo na ọwọ́ sínú òkùnkùn,
mo rò pé eku ni màá bá.
Agolo wàrà ni. Mẹ́tàdínlógún.
Ìda ni wọ́n fi dí wọn lẹ́nu.

"Ti Fidelmo ni," Hortensia wí,
kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára ẹ̀wà tó ń ṣà.
"Ẹ̀gbọ́n mi. Mítà omi ló ń kà kiri òkè yìí.
Òṣìṣẹ́ tó lọ́ra jù lọ́fíìsì wọn!
Ilẹ̀ á ṣú, kò ní tíì dé. Ọbẹ̀ á tutù.
A ní ó ní obìnrin níbì kan."

Mo gbé fíìmù kan sókè sí gílóòbù.
Dúdú di funfun, gbogbo ìlú hewú lójijì.
Obìnrin kan ń sá aṣọ, pẹ́ẹ̀gì mẹ́ta lẹ́nu rẹ̀.
Ìyá ń gbá ọmọ létí, ọmọ ń rẹ́rìn-ín.
Atukọ̀ kan sùn sórí àtẹ̀gùn,
ó gbé bàtà rẹ̀ mọ́ra bí ọmọ tuntun.
Ajá mẹ́rin tò síwájú ìsọ̀ alápatà, wọ́n ń dúró de àánú.
Ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀:
kò sẹ́nì kan tó wo ojú kámẹ́rà.
Ta ní í wo ojú ẹni tó wá ka omi?

Nicanor, tójú ti ń di bàìbàì, ló fọ̀ wọ́n.
A so wọ́n kọ́ okùn ní gbọ̀ngán àwọn alágbàrù èbúté.
Àwọn ará òkè dé, wọn ò sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà.
"Imú bàbá mi rèé!"
"Ṣé báyìí ni ilé wa ṣe rí kó tó jóná?"
Obìnrin kan já ọ̀kan, ó tì í bọ àpò, ó jáde.
A ò lé e.

Fidelmo fúnra rẹ̀ ńkọ́? A wá a títí.
Fìlà kan lásán, nínú gíláàsì ilé alápatà,
níwájú àwọn ajá.

Mo padà lọ gbowó páànù.
Hortensia ti yọ agolo kan sílẹ̀, ìda ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.
"Mẹ́rìndínlógún tó yín. Ẹ má ṣí èyí.
Ẹ jẹ́ kí n ṣì máa bínú sí obìnrin yẹn díẹ̀."
Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀.