Àpótí Kékeré Méjì

Ní ilé kọ̀ǹpútà Raimi ará Ọ̀ffà, lẹ́yìn ọjà Kubwa,
níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń wúkọ́ bí àgbà tó mu tábà jù,
mo ti kọ orúkọ mi, Ìbídùnní,
mo ti kọ máàkì Bàọ́lọ́jì,
àti ẹni tí wọn yóò pè bí mo bá ṣubú lulẹ̀.
Fọ́ọ̀mù iṣẹ́ dókítà ò le
títí mo fi dé ìbéèrè kẹtàdínlógún:

Ǹjẹ́ ẹjọ́ kankan ṣì wà lọ́rùn rẹ ní kóòtù?
Àpótí kékeré méjì. Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́.
Wọn ò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ.

Ẹjọ́ wà.
Ó wà ní kóòtù alágbèéká ní Wúsé,
lábẹ́ tàpólì aláwọ̀ búlúù.
Adájọ́ lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Kàdúná,
wọ́n sún un di ọjọ́ kẹtàlá oṣù tó ń bọ̀.
Akọ̀wé kọ orúkọ mi sílẹ̀,
ó fo "dùn" inú rẹ̀.

Iná pupa ni mo kọjá ní Bẹ́gà.
Mi ò ní sọ pé ó ṣì ń ṣe yẹ́lò.
Ọyẹ́ bo títì bí ìyẹ̀fun, lóòótọ́,
Kóróọ̀là tí Bàbá ò lè wà mọ́ kì í gbọ́ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan,
mo sì ti pẹ́;
ṣùgbọ́n mo rí iná náà. Mo rí i.
Ọmọ Gbagyi kan tó ń ta omi inú ọ̀rá
fò sẹ́yìn, igbá rẹ̀ dojú dé.
Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ń kọ nọ́ńbà mọ́tò,
èmi ń ka ọ̀rá tó bẹ́: mẹ́sàn-án.

Raimi na ọrùn wo ojú kọ̀ǹpútà:
"Áńtí, ẹ tẹ Bẹ́ẹ̀ kọ́ jàre.
Ta ló máa ti Sáríà wá yẹ ìwé wò lábẹ́ tàpólì?"
Àbúrò Màmá mi pè láti Lugbe:
"Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà, ọmọ mi,
owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké.
Ẹjọ́ tí wọn ò tí ì dá, ṣé ẹjọ́ nìyẹn?"
Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n wá. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

Mo wá rántí ìbọ̀sẹ̀ Bàbá.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi wọ ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ eérú
lọ rí dókítà ní Gwagwalada.
"Bàbá, ṣé kò sí egbò lẹ́sẹ̀ yín?"
"Rárá o. Ara ń le."
Àtọ̀gbẹ ń jẹ àtàǹpàkò rẹ̀ lábẹ́ òwú,
ó ń rẹ́rìn-ín,
torí kò fẹ́ kí ọmọdébìnrin aláṣọ funfun yẹn
wo òun bí ẹni tí kò lè tọ́jú ara rẹ̀.
Nígbà tí òórùn gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀,
ẹsẹ̀ ti kọjá oògùn.
Ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni Màmá ń sá báyìí.

Bí Ọlọ́run bá gbà, èmi ni n ó jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ kan,
n ó ní kí àjèjì bọ́ ìbọ̀sẹ̀ níwájú mi.
Ẹnu wo ni n ó fi sọ ọ́?

Mo tẹ Bẹ́ẹ̀ ni.
Àlàfo kan ṣí: Ṣàlàyé. Kò gbọdọ̀ ju igba lẹ́tà lọ.
Mo kọ ti ọyẹ́, mo pa á rẹ́.
Mo kọ ti ẹsẹ̀ Bàbá, ojú tì mí, mo pa á rẹ́.
Èyí ló kù:
Mo kọjá iná pupa. Mo rí i.
Kò sẹ́ni tó farapa. Wọn ò tí ì dá ẹjọ́ náà.
Lẹ́tà ṣì ṣẹ́kù. Mi ò lò ó.

Raimi pòṣé, ó gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà rẹ̀.
Mi ò mọ ohun tí Sáríà yóò wí.
Nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó gbé mi lọ sílé,
NẸ́PÀ ti mú iná oríta,
oníkálukú ń rọ́ kọjá bó ṣe wù ú.
Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ń tẹ irin lásán nísàlẹ̀,
ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́,
bí ẹni pé bíréèkì wà níbẹ̀.