Ẹ̀mú

Ní Kétu, omi lówó lórí.
Kànga jìn débi pé bí o bá ju garawa sí i,
o lè kí ará ilé kan tán kí o tó gbọ́ pó.
Síbẹ̀ Kòkúmọ́ da abọ́ omi kẹta nù
nítorí ẹ̀mú kan ṣoṣo
tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

"Ẹ̀jẹ̀ ti kúrò lára ẹ̀," ni mo wí,
èmi ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì.
"Ta ló sọ fún ọ? Ojú rẹ?"
Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ oríkèé irin,
níbi tí apá méjèèjì ti fara mọ́ra
bí ẹni méjì tó ń sọ̀rọ̀ àṣírí.
Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ń sá pamọ́ sí.
Kò dárúkọ wọn.

Irin kì í rántí ẹnu tó wọ̀ lánàá,
àmọ́ ó lè gbé e dé ẹnu tòní.

Bàbá Adékàmbí jókòó lórí bẹ́ǹṣì,
ó fi gèlè ìyàwó ẹ̀ di ẹ̀rẹ̀kẹ́,
eyín ti gba oorun ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ ẹ̀.
"Ṣé ẹ ò lè nù ún mọ́ aṣọ ni?"

A di ẹ̀mú, a lẹ téèpù mọ́ ọn,
a gbé e sínú ìkòkò oru, a dè é gbọin.
Ìṣẹ́jú méjìlá, iná lọ.
Kòkúmọ́ yọ ẹrù náà, ó gbé e sójú fèrèsé.
Ó yẹ kí ilà ara téèpù dúdú bí ìdí ìkòkò;
ó rí bí eérú.

Dókítà wo aago. Bàbá wo Dókítà. Mo wo ilẹ̀.
"Ó ṣáà gbóná," mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.
"Gbígbóná kọ́ ni jíjinná.
Ṣé o ò jẹ iṣu tó gbóná tó sì le rí?"
Ó tún aṣọ dì, ó ní ká lọ tan ẹ̀rọ amúnáwá,
ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Wákàtí kan ó lé. Bàbá ń gbin, ó ń ṣépè,
díẹ̀ fún iná, díẹ̀ fún wa.
Ilà dúdú. Eyín jáde.

Àwọn mẹ́ta ló wá ṣáájú Kòkúmọ́, tí wọ́n padà lọ,
kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn.
N kò bi í bóyá ìdí nìyẹn.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, sẹ́míjàn kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa.
Bàbá Adékàmbí sọ̀kalẹ̀, kò di gèlè mọ́,
ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi méjì kalẹ̀.
Kò tilẹ̀ kí wa dáadáa.
"Ẹ fi fọ ti ẹlòmíràn," ló wí,
ó yà sọ́jà.